Ẹni Tó Mọ Ibi Tí Owó Euphrasie Wà

Bí ẹnì kan bá kí Euphrasie, ó gbọ́dọ̀ dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà. Ìbáà jẹ́ ọmọdé tí ikun imú rẹ̀ ń ṣàn, ìbáà jẹ́ wèrè inú ọjà Dassa tó máa ń kí òkúta pàápàá, Euphrasie á dúró, á sọ ẹrù kalẹ̀ bó bá pọn dandan, á dáhùn, á béèrè ilé, á béèrè oko. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé, ó máa ń sọ pé bí àwọn bá fẹ́ bá Máàsì aago méje, àfi kí àwọn kúrò nílé láago márùn-ún, torí pé ìkíni ojú ọ̀nà nìkan á gbà wọ́n ní wákàtí kan àbọ̀. Ẹ bá mi fi ìwà yìí sọ́kàn o. Òun ló dá gbogbo wàhálà tí mo fẹ́ sọ yìí sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwà rere ni, kò sì sí ẹni tó tó bá a wí lórí rẹ̀.

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni Euphrasie. Ilé rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ òkè, oko kajú rẹ̀ wà lọ́nà Tré. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko kajú yẹn gan-an ni ilẹ̀ kan wà tó jẹ́ ti bàbá rẹ̀ rí, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tà nígbà tí ojú ń kán an láti ra mọ́tò. Lábẹ́ igi máńgòrò inú ilẹ̀ náà ni wọ́n sin ìyá wọn sí. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ó ta ilẹ̀ pọ̀ mọ́ sàréè ìyá tó bí i lọ́mọ! Láti ìgbà náà, bí Euphrasie bá fẹ́ gbá ojú oórì ìyá rẹ̀, ó ní láti kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ra ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn ún bí egbò tí kò jinná. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń tọ́jú owó kajú kó lè ra ilẹ̀ náà padà.

Ní ti owó, àwọn èèyàn ibẹ̀ ní òfin kan tí kò sí nínú ìwé kankan. Owó kì í wà láìní ẹlẹ́rìí. Ibi yòówù kí o fi owó rẹ pamọ́ sí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ọkọ, kì í ṣe ọmọ, nítorí pé ojú àwọn yẹn wà lára ogún. Ẹni tí kò ní jẹ níbẹ̀ ni. Ẹlẹ́rìí kì í fọwọ́ kan owó. Bí o bá sọ ibi tó wà fún un, á ní, "Mo gbọ́, mo gbàgbé," á sì pa ẹnu mọ́ títí ọjọ́ tí ikú bá dé, kó tó wá sọ fún àwọn ọmọ. Bàbá Euphrasie rú òfin yìí, torí pé ó gbọ́n ju gbogbo ayé lọ. Ó kó owó sínú ògiri láìsọ fún ẹ̀dá kan, ó sì kú lójijì. Lọ́dún keje tí òjò wó ògiri náà, ìdì bébà tí ikán ti jẹ kù ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Euphrasie ló gbá a dànù, ó sì ń sunkún bó ṣe ń gbá a.

Hàlímọ̀tù, oníṣòwò aṣọ lọ́jà Dassa, ni ẹlẹ́rìí Euphrasie. Ogójì ọdún ni wọ́n ti ń ṣọ̀rẹ́. Ọdún kan náà ni wọ́n jọ lóyún àkọ́bí wọn, tí wọ́n jọ ń jókòó lábẹ́ àtíbàbà kan náà, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tó wú ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn. Euphrasie náà ni ẹlẹ́rìí Hàlímọ̀tù. Òun nìkan ló mọ ibi tí Hàlímọ̀tù tọ́jú wúrà rẹ̀ sí. Ẹ má bi mí níbi tó wà. N kò mọ̀ ọ́n, bí mo bá sì mọ̀ ọ́n, n kò ní sọ.

Owó Euphrasie kò sí nínú ògiri, ó wà nílé ìfowópamọ́ kan nínú ìlú. Modeste ni òṣìṣẹ́ wọn tó ń bá a tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ọlọ́rọ̀ Cotonou ní òṣìṣẹ́ báńkì tó máa ń wá bá wọn nílé, tí wọ́n á jọ mu kọfí. Euphrasie náà ní tirẹ̀, omi àmù ni wọ́n jọ ń mu. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni Modeste máa ń gun alùpùpù wá, á gba owó, á kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tí wọ́n ń pè ní kárínẹ́, á béèrè orúnkún rẹ̀ tó ń ro ó. Nígbà kan, Wilfried ọmọ rẹ̀ tó wà ní Cotonou fẹ́ ra alùpùpù, ìyá rẹ̀ sì fẹ́ yọ owó fún un. Modeste pa kárínẹ́ dé. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìyá Wilfried, ṣé ẹ ti bi ẹni tó wà lábẹ́ máńgòrò?" Euphrasie jókòó. Kò yọ owó mọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan ní ọdún tó kọjá, Modeste dé, kò mú kárínẹ́ wá. Ojú rẹ̀ kò dáa.

"Ìyá Wilfried, wọ́n ti ti fèrèsé tí ẹ ti ń gbowó nínú ìlú. Kò sí kárínẹ́ mọ́. Inú fóònù ni gbogbo rẹ̀ wà báyìí. Èmi náà, wọ́n ní kí n máa lọ."

"Kí o máa lọ síbo?"

"Sílé mi, Mà."

Wilfried ti fi fóònù ńlá kan ránṣẹ́ sí i. Modeste jókòó tì í, ó ń bá a tẹ̀ ẹ́. Fóònù béèrè orúkọ, ó béèrè ọjọ́ ìbí, ó ní kí Euphrasie gbé ojú wá kí òun ya fọ́tò rẹ̀. Ó béèrè ẹnì kan tí ó fọkàn tán, pẹ̀lú nọ́mbà onítọ̀hún. Ta ni ìbá tún jẹ́? Hàlímọ̀tù ni. Níkẹyìn ó ní kí ó yan nọ́mbà mẹ́rin tí yóò máa fi ṣílẹ̀kùn owó.

"Èyí ni wọ́n ń pè ní kóòdù," Modeste sọ fún un. "Ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni o. Kódà èmi, ẹ má sọ ọ́ fún mi."

"Ẹnikẹ́ni bí ti báwo? Bí mo bá kú ńkọ́?"

"Bí wọ́n ṣe wí nìyẹn, Mà."

Ọ̀rọ̀ yìí rú Euphrasie lójú. Irú owó wo ni kò ní ẹlẹ́rìí? Ṣé ikán ni wọ́n fẹ́ fi bọ́ ni? Modeste kò tíì dé títì tí Euphrasie fi ti dé ọ̀dọ̀ Hàlímọ̀tù, tó sọ nọ́mbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i létí. Hàlímọ̀tù tún un sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó mi orí.

"Mo gbọ́, mo gbàgbé," ó ní.

Láti ìgbà náà, Euphrasie kò rí Modeste mọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Dípò rẹ̀, ní àràárọ̀ ọjọ́ Ajé, fóònù á dún, ohùn obìnrin kan á jáde nínú rẹ̀, ohùn tó dùn, tí Faransé rẹ̀ mọ́ tónítóní. Konsẹyé tuntun nìyẹn, ìyẹn ẹni tó ń gbani nímọ̀ràn lórí owó, konsẹyé tí kò ní ẹsẹ̀, tí kò lè mu omi. "Bọ́ńjúù, Màdáámù Euphrasie! Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà?" Lẹ́yìn èyí, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wàràwàrà. Faransé ọjà ni Euphrasie gbọ́, iye ọjà àti ìkíni, kò kọjá bẹ́ẹ̀. Lára gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí nìkan ló máa ń yé e. Ìparí ni pé bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí ó tẹ ení, bí ó bá jẹ́ rárá, kí ó tẹ èjì.

Ẹ wò ó ná. Ènìyàn kí ọ láàárọ̀ kùtùkùtù, ó pe orúkọ rẹ, ó béèrè àlàáfíà rẹ, o wá dá a lóhùn pé rárá? Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Euphrasie á tẹ ení. Ohùn náà á sì dùn sí i, "Mẹsí, Màdáámù Euphrasie!" Inú Euphrasie á dùn. Ó tilẹ̀ sọ fún ará ilé kejì pé ọmọ inú fóònù yẹn ní ẹ̀kọ́ ilé ju àwọn ọmọ ìwòyí lọ.

Bí oṣù mélòó kan ṣe lọ nìyẹn, títí tí Roméo, ẹni tí ilẹ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, fi ránṣẹ́ pe Euphrasie. Roméo ń kọ́lé sí Parakou, ó sì fẹ́ ta ilẹ̀ náà. Mílíọ̀nù kan àti igba ẹgbẹ̀rún sẹ́fà ni.

"Nítorí ìyá yín ni mo ṣe kọ́kọ́ pè yín," ó ní. "Àmọ́ ọkùnrin kan ń bọ̀ láti Glazoué, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Igi tíìkì ló fẹ́ gbìn, á sì gbẹ́ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ kúrò. Mo fún yín di ọjọ́ Sátidé."

Ọjọ́rú ni ọjọ́ náà. Euphrasie fẹ́rẹ̀ẹ́ jó délé. Owó ilẹ̀ ti pé lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí kajú ti wọlé. Ó fọwọ́, ó jókòó, ó ṣí fóònù, ó tẹ kóòdù rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti ọ̀ọ́dúnrún sẹ́fà ló rí.

Ó nu fóònù náà mọ́ ìró, ó tún un wò. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti ọ̀ọ́dúnrún. Ó pa á, ó tàn án. Nǹkan kan náà ni. Yéè! Ọdún mẹ́sàn-án! Ó pe Wilfried, kò sì mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe.

"Ẹ fara balẹ̀, Màmá," Wilfried ní. "Ta lẹ sọ kóòdù yẹn fún?"

"Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Hàlímọ̀tù ni, ẹlẹ́rìí mi."

Ohùn Wilfried le wàyí. "Màmá, ẹ̀yin méjì lẹ mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹ̀yin lẹ mú un?"

"Èmi kọ́."

"Ẹni mélòó ló wá ṣẹ́ kù?"

Euphrasie kò rí oorun sùn. Ọkàn rẹ̀ ń sọ pé Hàlímọ̀tù kò lè ṣe é láéláé. Ìṣirò ọmọ rẹ̀ ń sọ pé kò sí ẹlòmíràn. Bó bá gbé e síhìn-ín, kò dúró, bó bá gbé e sọ́hùn-ún, kò dúró. Ó rántí pé Hàlímọ̀tù ṣẹ̀ṣẹ̀ kó aṣọ tuntun wọlé. Ó rántí pé Hàlímọ̀tù ló dúró tì í ní gbogbo ọjọ́ mẹ́jọ tí wọ́n fi ṣòkú ọkọ rẹ̀, tí kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó tún rántí aṣọ tuntun náà. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, kò mọ èwo ló gbàgbọ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ló ṣe dìde tó gba ọ̀nà ọjà.

Oníbàárà méjì wà níwájú Hàlímọ̀tù, ó na áńkárá sáàárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń wọ̀n ọ́n fún wọn. Euphrasie dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Hàlímọ̀tù, níbo lo kó owó mi sí?"

Àwọn ará ìsọ̀ tó yí wọn ká yíjú sí wọn.

"Owó wo?" Hàlímọ̀tù béèrè.

"Owó inú fóònù. Owó ilẹ̀ ìyá mi. Ìwọ nìkan ni mo sọ fún. Bí kì í bá ṣe ìwọ, ta ni?"

Àwọn oníbàárà méjèèjì wo ara wọn, wọ́n rọra gbé ẹsẹ̀ wọn kúrò níbẹ̀. Hàlímọ̀tù kò búra, kò sunkún, kò gbé ọwọ́ lérí. Ó ká áńkárá náà sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ.

"Euphrasie," ó ní, "o kò kí mi."

Ó na ọwọ́ mú aṣọ mìíràn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Euphrasie yí padà, ó lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ọgbọ́n kan sọ sí i lọ́kàn, ó sì jẹ́ ọgbọ́n tí ìbá ti sọ tipẹ́: ó wá Modeste lọ. Wọ́n ní ó wà ní Paouignan, lẹ́bàá títì tí àwọn bọ́ọ̀sì ìhà àríwá ń gbà, ó ń ta àtùpà oníòòrùn láàárín àwọn tó ń ta gàrí. Euphrasie gun alùpùpù akérò tí wọ́n ń pè ní zémíjàn dé ibẹ̀. Modeste fún un ní àga, ó bu omi fún un, ó béèrè orúnkún rẹ̀, kó tó gba fóònù. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Ó mí kanlẹ̀.

"Ìyá Wilfried, owó yín kò lọ síbì kankan. Ó wà níbẹ̀ digbí."

"Ibẹ̀ níbo?"

"Wọ́n fi í síbi tí yóò ti máa pa èlé fún ọdún kan gbáko ni. Ẹ kò lè fọwọ́ kàn án kí ọdún tó pé."

"Ta ló fi í síbẹ̀?"

Modeste kò fẹ́ sọ ọ́. "Ẹ̀yin ni, Mà."

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹ wò ó. Lọ́jọ́ Ajé kan, ó bi yín bóyá ẹ fẹ́ kí owó yín máa ṣiṣẹ́, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó bi yín bóyá gbogbo rẹ̀ ni, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, ó ní ṣé ó yé yín pé ó di ọdún tó ń bọ̀, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣebí ó kí mi ni!"

"Ó kí yín, Mà. Ó tún wá bi yín."

"Modeste, ìwọ náà máa ń kí mi. Ọdún mélòó lo fi kí mi? Ìkíni rẹ kó owó mi lọ rí?" Euphrasie na ìka sí fóònù. "Kí ló dé tí kò bi mí nípa máńgòrò?"

"Kò mọ̀ nípa máńgòrò. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n, wọn kò sì kọ ọ́ sínú kárínẹ́."

Bọ́ọ̀sì kan dúró, àwọn tó ń ta gàrí sáré lọ bá a, wọ́n padà. Lójijì, ohun tí Euphrasie ti gbàgbé láti ronú kàn padà wá sí i lọ́kàn. Hàlímọ̀tù kò mú nǹkan kan. Hàlímọ̀tù kò mú nǹkan kan, òun sì ti fẹ̀sùn olè kàn án lójú ọjà.

"Ṣé mo ti pàdánù ilẹ̀ nìyẹn?" ó béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ilẹ̀ nìkan ló ń bà á lẹ́rù mọ́.

"Ọ̀nà kan wà. A lè já a kí ọdún tó pé. Èlé á lọ, owó yín á padà. Àmọ́ wọ́n á fi nọ́mbà mẹ́fà ránṣẹ́ sórí fóònù ẹni tí ẹ ní ẹ fọkàn tán, àfi kí onítọ̀hún kà á fún yín. Ẹ ní títí di ìrọ̀lẹ́ òní." Modeste gbé ojú sókè, inú rẹ̀ ń dùn pé òun rí ọ̀nà àbáyọ. "Màmá Hàlímọ̀tù ni. Kò le rárá, ẹ kàn pè é ni."

Áà! Ṣé ẹ rí i báyìí? Fóònù tó ní kí ó má sọ kóòdù fún ẹnikẹ́ni, òun náà kò lè wà láìní ẹlẹ́rìí. Modeste bá a tẹ ohun tó yẹ. Euphrasie kò pe ẹnikẹ́ni. Ó gun zémíjàn padà sí Dassa, gbogbo ọ̀nà ló sì fi ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ti kírun Jímọ̀ tán. Hàlímọ̀tù jókòó lórí ẹní níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìborùn funfun wà lọ́rùn rẹ̀, fóònù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Euphrasie tòun ti orúnkún rẹ̀ tó ń ro ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn. Ó kí i. Ó kí i kú ọjọ́ Jímọ̀, ó kí i kú ọjà, ó béèrè Kàbírù ọmọ rẹ̀, ó béèrè àwọn ọmọ ọmọ.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá Wilfried," Hàlímọ̀tù dáhùn. "Ẹ dìde nílẹ̀. Ẹ jókòó."

Euphrasie rò pé etí òun ló ń tan òun. Ogójì ọdún, Hàlímọ̀tù kò pè é ní ẹ̀yin rí. Ó jókòó, ó ṣàlàyé, ó ń ká ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀, ohùn inú fóònù, ení, èjì, èlé, ọdún kan. Bó ṣe ń ṣàlàyé ló ń dàrú mọ́ òun fúnra rẹ̀ lójú. Hàlímọ̀tù gbọ́ ọ títí dé òpin, ó mú fóònù rẹ̀, ó ka nọ́mbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó tún un kà kí Euphrasie má baà ṣì í tẹ̀. Fóònù Euphrasie dún.

"Ṣé ó ti wọlé?"

"Ó ti wọlé. Mílíọ̀nù kan àti igba ẹgbẹ̀rún. Ó pé."

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Hàlímọ̀tù, jọ̀ọ́. Ẹ̀rọ yẹn ló rú mi lójú."

"Ẹ̀rọ kọ́ ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù," Hàlímọ̀tù dáhùn. Kò bínú, ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ lọ sókè. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sún mọ́ ọn díẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà gbọ́. "Wúrà mi, tí ẹ mọ ibi tó wà. Mo ti kó o kúrò níbẹ̀ láàárọ̀ yìí."

Euphrasie ra ilẹ̀ náà lọ́jọ́ Sátidé. Roméo gba owó, ó fọwọ́ sí ìwé, ó sì ṣe dáadáa sí i. Euphrasie gbá ojú oórì ìyá rẹ̀ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó jókòó sábẹ́ máńgòrò títí oòrùn fi rọ̀. Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ìdùnnú náà kò délẹ̀, kò sì lè sọ ìdí rẹ̀ fún ara rẹ̀. Nígbà tó délé, ó fi ọ̀rá di ìwé ilẹ̀, ó wá ibi tó dáa, ibi tí ikán kò ní dé, ó tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọ bàtà, ó jáde, ó dorí kọ ọ̀nà ọjà kó lọ sọ ibi tó fi í sí.

Ó ti rìn dé ìdajì ọ̀nà kó tó rántí wúrà tí Hàlímọ̀tù kó kúrò. Ó dúró síbẹ̀. Obìnrin kan tó ń ti oko bọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó kí i kú ìrọ̀lẹ́, ó sì béèrè bóyá àlàáfíà ni.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Euphrasie dá a lóhùn.